Ta Ló Rán Aṣọ Yìí?

Tíṣà Fakhri bọ́ fìlà òtútù tó dé sórí, ó dojú rẹ̀ kọ òkè lórí tábìlì, ó sì da àwọn bébà kéékèèké tó ti ká sínú rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan," ni ó wí. "Èyí tí ọwọ́ rẹ bá mú ni tìrẹ. Kò sí pàṣípààrọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀."

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ní Palẹstínì ló wà nínú àwọn bébà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ tó bá mú, yóò bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ, níbi ìpàtẹ kan tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti ìlú àti abúlé yóò ti pàdé, tí àwọn adájọ́ yóò sì fún iṣẹ́ tó dára jù lẹ́bùn.

Qusay ló kọ́kọ́ mú. Ó tú bébà rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó. "Òkúta gbígbẹ́! Iṣẹ́ bàbá mi! Ẹ ti fún mi lẹ́bùn náà tán." Ẹlòmíràn mú dígí fífẹ́, ẹlòmíràn mú ọṣẹ sísè, ẹnì kan mú agbọ̀n híhun. Nígbà tó kan Bahjat, ó tú tirẹ̀, ó kà á, ó sì tún un ká kíákíá bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e mì.

Qusay já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ abẹ́rẹ́!" ló kígbe. "Ẹ bá mi kí ìyàwó wa o! Bahjat, bọ́tìnnì mi kan ti já, ìgbà wo ni kí n gbé e wá?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Kí ẹ má ṣe bá wọn wí púpọ̀. Òkúta là ń jẹ, òkúta là ń mu ní ìlú wa Beit Fajjar. Eruku funfun ló ń bo bàtà ọkùnrin láti kékeré títí wọn yóò fi gbé e sin. Bàbá Bahjat náà, òkúta ló ń gé. Ọwọ́ rẹ̀ le débi pé bí ó bá bọ ènìyàn lọ́wọ́, onítọ̀hún yóò wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá ó ṣì pé. Ọmọ irú ọkùnrin yẹn ni wọ́n ní kó lọ di abẹ́rẹ́ mú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ni Bahjat wí, "iṣẹ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí."

Tíṣà Fakhri gbé fìlà rẹ̀ dé orí. "Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ẹni tó mú òun ní irùngbọ̀n? Lọ jókòó."

Nígbà tí Bahjat sọ ọ́ nílé, ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà Wasfiyya, rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi yọ̀ sẹ́yìn. Nibal, ẹ̀gbọ́n Bahjat obìnrin tó ń múra ìdánwò àṣejáde, gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀. "Ìwọ tó o fẹ́ rán aṣọ, ẹni tí kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀!"

"Ìwọ tó o máa ń pe Màmá láti ibi iṣẹ́ nítorí bọ́tìnnì ńkọ́?" ni Bahjat dá a lóhùn. Òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn ní Hẹ́brónì, Nibal sì lè fi aṣọ sílẹ̀ láì wọ̀ ọ́ títí ìyá yóò fi dé láti ibi iṣẹ́ kó tó bá a rán an. Kò sí ìjà tó wà láàárín òun àti ìwé, àmọ́ òun àti abẹ́rẹ́ kò mọra.

Ìyá Àgbà nu omijé ẹ̀rín nù. "Ṣé o fẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni, àbí o fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́?"

"Wọ́n ní ká ṣe é lọ́wọ́ ni, Ìyá Àgbà."

"Ó dáa. Lọ fọwọ́. Ọṣẹ ni kó o fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi lásán."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àgbà kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, Bahjat kò sì mọ ohun tí à ń fi abẹ́rẹ́ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, Ìyá Àgbà ń sọ ibi tí yóò gbà. Òwú yóò lọ sí apá kan, òmíràn yóò dábùú rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì dà bí oríta kékeré. Oríta wọ̀nyí ni wọ́n ń tò jọ títí wọn yóò fi di igi, òdòdó àti ìràwọ̀.

Nígbà tó parí ọnà àkọ́kọ́, ó gbé e fún Ìyá Àgbà pẹ̀lú ayọ̀. Ìyá Àgbà kò wo iwájú aṣọ náà. Ó dojú rẹ̀ dé, ó mú un súnmọ́ imú.

"Kí lèyí? Ìtẹ́ ẹyẹ?"

"Ìyá Àgbà, ẹ yí i padà, iwájú rẹ̀ dára."

"Gbogbo ayé ló ń rí iwájú. Ẹ̀yìn aṣọ ni ìwọ àti Ọlọ́run jọ mọ̀. Ẹ̀yìn ni à ń wò kí á tó mọ ẹni tó mọ iṣẹ́." Ó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú náà, ó fà á yọ. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí ẹ̀yìn aṣọ náà fi mọ́ bí iwájú. Kó tó mọ̀, iṣẹ́ tó ń sá fún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Orúkọ àwọn ọnà náà gan-an ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ń jẹ́ Eyín Arúgbó, ọ̀kan ń jẹ́ Ojú Màlúù. Èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù ni wọ́n ń pè ní Àgọ́ Páṣà, ìyẹn àgọ́ olóyè ńlá ayé àtijọ́, ọnà igun mẹ́rin tí àwọn obìnrin apá ọ̀dọ̀ wa máa ń rán sí aṣọ wọn.

Ìyá Àgbà mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ìyá Ratib, pé kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà gbé tíì kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti òróró ólífì kalẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ dúdú kan jáde láti inú àpótí. Bahjat wo àyà aṣọ náà. Pupa, dúdú, funfun àti àwọ̀ ewé ni wọ́n fi rán gbogbo rẹ̀.

"Àsíá wa nìyí!" ni ó wí.

"Òun ni. Nígbà tá a rán an, àwọn sójà tó gba ilẹ̀ wa ti fòfin dè é. Bí wọ́n bá rí àsíá lórí òpó iná, ẹni tó bá ń kọjá lọ ni wọ́n máa ń ní kó gun òpó lọ já a. Àwa náà bá rán an mọ́ àyà. A wọ̀ ọ́ kọjá níwájú wọn, a tún kí wọn pé ẹ káàárọ̀."

"Ẹ̀rù ò bà yín, Ìyá?"

"Ẹ̀rù bà wá," ni Ìyá Ratib wí, ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà. "Àmọ́ aṣọ náà ti dára jù, a ò lè fi í sílẹ̀ nínú àpótí."

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ní kí n máa rìn níwájú!"

"Ìwọ lo sanra jù lára wa!"

Bahjat kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo aṣọ náà. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé láyé àtijọ́, obìnrin kò nílò kó la ẹnu kí ẹ tó mọ ìlú tó ti wá. Àyà aṣọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Àwọn abúlé kan wà tí a kò rí mọ́ lórí ilẹ̀, àmọ́ tí ọnà wọn ṣì wà lára aṣọ àwọn ọmọ ọmọ wọn. Ohun tí òun ń pè ní eré àwọn ìyá arúgbó, òun ló gbé orúkọ ìlú dé ọ̀dọ̀ wa. Bó ṣe ń padà sílé, ṣe ló ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ogún.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn táǹkì omi lórí òrùlé ló ti ń rán aṣọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i láti òpópónà. Aṣọ ìrọ̀rí funfun ló ń fi òwú pupa kó ọnà sí. Àgọ́ Páṣà wà ní àárín, Eyín Arúgbó yí i ká. Ó kan Ìyá Àgbà lára nígbà tó rí i pé igun kan lè má parí kó tó di ọjọ́ ìpàtẹ.

"Gbé e wá, kí n wá ẹni tí yóò bá ọ fi ojú abẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i."

"Rárá o, Ìyá Àgbà! Èmi nìkan ni kó wà lára rẹ̀. Kó wà bẹ́ẹ̀ láìparí."

Inú Ìyá Àgbà dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó pa á mọ́ sọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tán, Qusay na ọwọ́, ó yọ fọ́nrán òwú pupa kan kúrò lára aṣọ Bahjat. Ó gbé e sókè kí àwọn tó kù lè rí i.

"Má sọ fún mi pé ìwọ gan-an lò ń rán nǹkan yẹn."

"Èmi kẹ̀?" ni Bahjat wí. "Nibal ló ń rán an. Ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń kó jọ." Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tu kóró ólífì.

"O gbọ́n," ni Qusay wí, ó gbá a léjìká. "Nítorí bó bá jẹ́ ìwọ ni, Ìyá Bahjat la ó máa pè ọ́ títí o ó fi ní ọmọ ọmọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bahjat náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá ní ẹnubodè kí àwọn sójà tó tì í. Bàbá Bahjat àti Nibal wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn náà rí ọ̀nà kọjá. Àmọ́ takisí tó gbé Ìyá Àgbà àti Ìyá Ratib bá ẹnubodè ní títì, wọ́n sì ní láti yí òkè ká.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Òkúta tí Qusay gbẹ́, tó ya èso àjàrà sí lára, wà lórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ sì dúró tì í pẹ̀lú àyà fífẹ̀. Aṣọ Bahjat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn adájọ́ ń bọ̀ láti tábìlì dé tábìlì. Olórí wọn ni Ìyáàfin Imtithal, tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alábẹ́rẹ́ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó mú aṣọ ìrọ̀rí náà, ó wo iwájú rẹ̀ fìrí, ó sì yí i padà. Ó dúró. Ó na ọwọ́ sí àwọn adájọ́ tó kù.

"Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wò ó o!" Ó gbójú sókè. "Ta ló rán aṣọ yìí?"

Àwọn ọmọkùnrin láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti pé jọ. Qusay wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ gan-an. Ìdáhùn wà lẹ́nu Bahjat, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Nibal."

Ojú Tíṣà Fakhri yí padà. "Bahjat, ṣebí ohun tá a sọ ni pé..."

"Nibal ni, Tíṣà."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ yóò parí síbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ Bahjat kò tilẹ̀ rìn jìnnà kí òótọ́ tó dì í mú. Nítorí inú Ìyáàfin Imtithal dùn ni. "Irú ọwọ́ yìí ni mo ń wá! Ṣé ó wà níbí? Kó wá bá wa parí igun tó kù yìí, kí àwọn àlejò lè wò ó."

"Òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó!" ni Qusay kígbe.

Wọ́n mú Nibal wá síwájú kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó gbọ́ tó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí mi, jọ̀ọ́." Bahjat kì í pè é ní Àǹtí àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀. Nibal wò ó, ó wo aṣọ, ó sì yé e. Ó jókòó.

Ó gbìyànjú láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Ó fi itọ́ pa á, ó tún gbìyànjú, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Nígbà tí òwú wọlé níkẹyìn, ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ó sì gún ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan kán tó sórí aṣọ funfun náà.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!" ni obìnrin kan wí fún ẹnì kejì rẹ̀, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló gbà tó fẹ́ fi ṣe fáàrí." Àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ Nibal ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń yà á.

Ìyáàfin Imtithal kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọmọbìnrin, iṣẹ́ ta lo gbé wá pé tìrẹ ni?"

Nibal la ẹnu. Ó wo Bahjat. Ó pa ẹnu dé. "Ẹ má bínú," ni gbogbo ohun tó sọ, omi sì ti kún ojú rẹ̀.

Bahjat lè fara da kí wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí kò lè fara dà ni èyí tó ń wò yìí, kí ẹni tí kò jẹ gbèsè máa san án lójú ayé. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ènìyàn, eruku òkúta ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò wo Nibal. Òun ló ń wò.

"Èmi ni mo rán an," ni Bahjat wí.

"Kí ló sọ?" ni adájọ́ kan béèrè.

"Mo ní èmi ni! Èmi Bahjat, ìyá bàbá mi ló kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kàn án rí àfi òní. Ojú ló ń tì mí, mo wá ti ìtìjú mi sí i lọ́rùn."

"Ìyá Bahjat!" ni Qusay kígbe, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Imtithal na aṣọ náà sí i. "Ẹ̀gbọ́n rẹ náà jókòó níbí bí ẹni pé tòun ni. Ẹnu kò tó mọ́ níbí. Jókòó."

Bahjat jókòó. Ó fi ọwọ́ nu ara ṣòkòtò rẹ̀, ó fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ kan ń tẹ̀ lé òmíràn. Àgbàlagbà kan bi í léèrè orúkọ ọnà tó ń rán. Ó ní Eyín Arúgbó ni, ọkùnrin náà sì gbá ẹnu ara rẹ̀ mú, tí gbogbo ènìyàn fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yìí kì í ṣe ti ẹ̀sín. Ó ṣàlàyé Àgọ́ Páṣà. Ó sọ ti àwọn abúlé tí wọn kò sí mọ́, tí ọnà wọn ṣì wà. Ó wá sọ ti àwọn obìnrin tó wọ àsíá mọ́ àyà, tí wọ́n ń kí sójà pé ẹ káàárọ̀. Abẹ́rẹ́ kò dúró ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀.

Bó ṣe gé òwú tó kẹ́yìn tí ó sì yí aṣọ padà kí wọ́n lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìhó ayọ̀ kan ta láti ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n máa ń hó nílé ìyàwó. Ìyá Ratib ni. Òun àti Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, bàtà wọn kún fún ẹrẹ̀ òkè. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ gba ìhó náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì dún títí dé òpópónà.

Àmọ́ òfin ni òfin. Ìyáàfin Imtithal gbé aṣọ náà lé Bahjat lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. "Ọwọ́ rẹ yege," ni ó wí. "Ẹnu rẹ ló gba òdo. A kò lè fi ẹ̀bùn fún ẹni tó sọ fún wa pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀." Ọmọbìnrin kan láti abúlé Artas tó hun agbọ̀n koríko àlìkámà ló gba ẹ̀bùn. Bahjat pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹnì kan ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìyá Àgbà. "Wọ́n ní o ní kì í ṣe tìrẹ," ni ó wí fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo fẹsẹ̀ rin òkè nítorí aṣọ yẹn. Ta ní í bí ọmọ tán tí yóò wò ó lójú, tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n rí?" Ó kẹ̀yìn sí i, ó bá Ìyá Ratib jáde.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bàbá rẹ̀ na ọwọ́. "Gbé e wá kí n rí i." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó le pa ọnà náà, òwú sì ń há mọ́ ojú ọgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́.

"Òkúta tí mo gé ti wọ ilé àwọn tí n kò lè kan ilẹ̀kùn wọn," ni ó wí. "Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ pé èmi ni mo gé e. Wọn kì í tilẹ̀ dá mi lóhùn nígbà mìíràn. Mo máa ń sọ ọ́ náà ni. Kí ló wá dé tí ìwọ kò lè sọ?"

Bahjat dìde.

Ó lọ bá Nibal níbi tó ti ń kàwé. Kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri. Ó ní òun ṣe é níkà, kó dárí ji òun. Nibal ní òun ti gbọ́, kó jáde kí òun kàwé. Ó jáde. Ó rán Ojú Màlúù kan lé orí ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sí, ó sì fi aṣọ náà bọ ìrọ̀rí kan, ó gbé e sórí ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nibal kò sọ pé òun ti dárí jì í, àmọ́ orí ìrọ̀rí náà ló ń gbé ìwé lé títí ó fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán.

Orúkọ tí Bahjat ń bẹ̀rù náà dé lóòótọ́. Ìyá Bahjat níhìn-ín, Ìyá Bahjat lọ́hùn-ún, lórí pápá àti lójú ọ̀nà. Ó dùn ún ní àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti pè é, á dá wọn lóhùn pé, "Ìyá Bahjat wà nílé. Kí lẹ fẹ́ rán?" Ẹ̀rín náà wá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àdídùn rẹ̀ fi tán lẹ́nu àwọn tó ń pè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Qusay ni. Ó di àpò kan mọ́ àyà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Màmá mi kí yín," ni ó wí. "Iná ààrò búrẹ́dì jó wọn lọ́wọ́. Aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ku ìdajì àyà rẹ̀, ìgbéyàwó sì ti dé tán. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ ọ́ bóyá..."

"Ní kó kọ́kọ́ pè ọ́ ní Ìyá Bahjat o!" ni Nibal kígbe láti inú ilé.

Etí Qusay pọ́n. Bahjat lè gbẹ̀san lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ti pé lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba àpò náà, ó fa aṣọ jáde, ó sì yí i padà kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ màmá rẹ dára," ni ó wí. "Yóò parí. Àmọ́ o ò lọ síbì kankan o. Ìwọ ni yóò máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́."

Qusay wo òpópónà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. "Ó dáa. Jẹ́ ká wọlé nígbà náà, ká lọ sórí òrùlé."

"Rárá. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níta níbí."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta níwájú ilé, aṣọ ìyàwó tẹ́ sórí eékún àwọn méjèèjì. Qusay fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀ títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ òkúta ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, eruku bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ọnà pupa náà.

"Ọlọ́run ńlá! Ta ló rán aṣọ yìí?"

"Ìyá Qusay ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ni Bahjat wí, ó gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ sì já gaara. "Èmi ni mo ń parí rẹ̀. Qusay ló ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi."

"Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rín ẹlẹ́gbẹ́ kì í pẹ́ kó tó tán, àmọ́ iṣẹ́ rere tí ẹ bá sẹ́ nítorí rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò ru ìtìjú rẹ̀ fún yín. Ohun tí àwọn ìyá yín fi lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi í pamọ́. Bí ọwọ́ yín bá sì ṣe nǹkan tó dára, ẹnu yín ni kó kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i.